Bainókúlà Kékeré Ayé Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò àti Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀kan Wé Èkejì

Bainókúlà kékeré tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1920 sí 1990 ṣì kún ọjà àlòkù títí di òní. Ẹ óò rí wọn ní charity shop káàkiri ìlú London, ẹ óò rí wọn lórí eBay, ẹ óò sì rí wọn nínú àpótí àwọn bàbá tó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi rí. Èyí tó dára nínú wọn dára dénú: irin àti idẹ ni wọ́n fi ṣe é, dígí gidi ló wà nínú rẹ̀, ó sì wọ àpò ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ pọ̀ láàárín wọn, ó sì ṣòro láti mọ̀ ọ́n láti òde.

Ohun tí mo dúró lé nìyí: ipò tí bainókúlà àtijọ́ wà lónìí ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Zeiss, ọjà ilé-iṣẹ́ Jámánì olókìkí, tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò wo ibì kan náà mọ́ kò lè bá Japan olówó pọ́ọ́kú tí inú rẹ̀ mọ́ tónítóní figẹ̀ wọngẹ̀. Àfi kéèyàn gbé méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ wò wọ́n ní wákàtí kan náà, kó tó lè sọ pé èyí ló dára jù.

Kíka nọ́ńbà ara rẹ̀

Ọ̀pọ̀ jù lọ bainókúlà ló ní nọ́ńbà méjì lára, bíi 8x20. Ti àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan súnmọ́ni: ẹyẹ tó wà ní 80 mítà yóò dà bí ẹni pé 10 mítà ló wà. Ti èkejì ni fífẹ̀ dígí iwájú, ní mìlímítà. Ẹ fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ pín èkejì, ẹ óò mọ bí róbótó ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde wá sí ojú yín ṣe fẹ̀ tó. 8x20 á fún yín ní 2.5 mm, 6x15 náà, 2.5 mm. 7x26 á fún yín ní nǹkan bíi 3.7 mm, 8x30 á sì fún yín ní 3.75 mm. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú rí róbótó yìí, ẹ na bainókúlà síwájú, kí ẹ kọ dígí iwájú sí ojú ọ̀run, ẹ óò rí àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré méjì láàárín dígí ojú.

Ìṣirò yìí wúlò gan-an. Nínú oòrùn ọ̀sán, ọmọlójú wa máa ń sún kì, ó lè má ju 2 sí 3 mm lọ, nítorí náà 8x20 kò pàdánù nǹkan kan lákòókò yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọmọlójú ọ̀dọ́ lè ṣí dé 7 mm, 2.5 mm kò sì ní tó o mọ́. Àwòrán á ṣókùnkùn. Ojú àgbàlagbà kì í ṣí tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹni 60 ọdún ń pàdánù kéré sí ti ọmọ 20 ọdún. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń bú bainókúlà bàbá wọn pé kò mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí bàbá fúnra rẹ̀ kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Róbótó kékeré tún ní wàhálà kan: bí ojú bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò lọ́gangan rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àwòrán á ṣú dùdù lójijì. Ìdí nìyẹn tí 8x20 fi ń rẹ àwọn kan lójú bí wọ́n bá wò ó pẹ́.

Nọ́ńbà kẹta, tó bá wà, ń sọ bí ibi tí ẹ óò rí lẹ́ẹ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n lè kọ ọ́ báyìí: 150m/1000m, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ ní dígírì, tàbí ní ẹsẹ̀ bàtà sí 1000 yáàdì. Dígírì 1 jẹ́ mítà 17.5 ní 1000 mítà. Deltrintem 8x30 ti Zeiss Jena ń fúnni ní 150 mítà, ìyẹn dígírì 8.5, ọ̀pọ̀ 8x20 tó wọ àpò kò ju 110 sí 120 mítà lọ. Fún ẹni tó ń wá ẹyẹ nínú ewé, ìyàtọ̀ yẹn tóbi.

Mímọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Àwòrán inú awò máa ń dojú dé, prism, ìyẹn dígí onígun tó ń darí ìmọ́lẹ̀, ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ. Ignazio Porro, ará Ítálì, ló gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n prism yìí ní 1854, ṣùgbọ́n 1894 ni Ernst Abbe àti ilé-iṣẹ́ Carl Zeiss ní Jena, ní ilẹ̀ Jámánì, gbé bainókúlà oníprism jáde sọ́jà. Ìmọ́lẹ̀ ń yà kọ́rọ kọ̀rọ̀ kọjá nínú Porro, ìdí nìyẹn tí bainókúlà àtijọ́ fi ní èjìká, tí dígí iwájú rẹ̀ sì jìnnà síra ju dígí ojú lọ.

Àwọn kan sọ Porro yìí di kékeré láìyí ìrísí rẹ̀ padà. Olórí wọn ni Mikron, tí Nippon Kogaku, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Nikon lónìí, kọ́kọ́ ṣe ní 1921. Wọ́n tún ṣe é lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì tún dá a padà sọ́jà ní àwọn ọdún 1990. 6x15 tó dé kẹ́yìn yẹn kò ju nǹkan bíi 130 gíráàmù lọ. Ó rẹwà púpọ̀, irin ni látòkèdélẹ̀, ó sì mú kedere láàárín. Ẹni tó ń wọ awò ojú kò ní gbádùn rẹ̀, nítorí ojú gbọ́dọ̀ súnmọ́ dígí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Ẹ̀yà kejì ni Porro tí wọ́n yí po: dígí iwájú ló súnmọ́ra, dígí ojú ló jìnnà síra. Custom Compact 7x26 tí ilé-iṣẹ́ Bushnell ti Amẹ́ríkà ń kó wá láti Japan ni àpẹẹrẹ tó lórúkọ jù. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Japan ló ṣe irú rẹ̀. Nítorí pé dígí iwájú súnmọ́ra, ojú méjèèjì ṣì ń rí nǹkan kan náà nítòsí, tó fi dára fún wíwo labalábá àti òdòdó.

Ẹ̀yà kẹta gún tọ́ọ́rọ́: prism tó ní orùlé, tí apá kan rẹ̀ rí bí orí ilé, ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó ní híńjì méjì, tó ń ká pọ̀ títí ó fi wọ àpò, ni àwọn èèyàn ń sáré lé jù. Zeiss ti Oberkochen ṣe 8x20, Leitz ti Wetzlar sì ṣe Trinovid 8x20, àwọn méjèèjì sì wà lọ́jà ní àwọn ọdún 1970.

Tí ẹ bá rí kékeré kan tó rẹwà, tí kò kọjá ìlọ́po mẹ́ta, tí ẹ bá sì wo inú rẹ̀ tí ẹ kò rí prism kankan, awò ilé eré nìyẹn. Ó dára fún orí pèpéle, kò sí ohun tí ẹ máa fi í rí lórí igi.

Ibi tí orúkọ ńlá ti ń tan èèyàn jẹ

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí pé owó ńlá ló ń bá èyí lọ. Nínú prism olórùlé, ìmọ́lẹ̀ ń pín sí méjì ní etí orùlé náà, ó sì ń padà darapọ̀. Nígbà tó bá ń darapọ̀, ìgbì apá kan kì í bá ti èkejì dọ́gba mọ́, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ inú àwòrán á sì ṣú díẹ̀. Zeiss ló kọ́kọ́ fi ìpara, ìyẹn ohun tín-ín-rín tí wọ́n ń kùn sára dígí, tó ń tún èyí ṣe sínú bainókúlà ní 1988. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo olórùlé kékeré tó ṣáájú ọdún yẹn, tó fi mọ́ ti Zeiss àti ti Leitz, kò ní ìpara náà. Kò sí ìtọ́jú tó lè fi í sínú rẹ̀ báyìí.

Ohun kejì: nínú ọ̀pọ̀ prism olórùlé kékeré, ojú kan wà tí ìmọ́lẹ̀ kì í ta padà lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin kùn ún bí ẹ̀yìn dígí ìwojú. Aluminiọ́mù tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́ máa ń gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ mì. Porro kò ní ìṣòro méjèèjì. Gbogbo ojú prism rẹ̀ ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà pátápátá láìsí irin kankan.

Nítorí náà, bí a bá gbé 7x26 Porro ọdún 1985 tí inú rẹ̀ mọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ 8x20 olórùlé ọdún 1975 láti ilé-iṣẹ́ olórúkọ, Porro ló máa mọ́lẹ̀ jù, òun náà ló sì máa ń tètè fi ìyẹ́ orí ẹyẹ hàn kedere. Owó rẹ̀ lè má tó ìdá mẹ́rin owó èkejì. Olórùlé á borí ní ti pé ó wọ àpò àyà, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ dára gan-an. Ẹni tó bá rà á nítorí ìyẹn ra ohun tó mọ̀. Ẹni tó bá rà á torí pé ó gbọ́ pé dígí Jámánì ò lẹ́gbẹ́, kó kọ́kọ́ wò ó ná.

Mímọ ọjọ́ orí rẹ̀

Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti orí èjìká rẹ̀. "Made in Occupied Japan" ń tọ́ka sí àárín 1947 sí 1952. "West Germany" kò lè ṣáájú 1949, kò sì yẹ kó kọjá 1990. Àwọn bainókúlà Japan tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun máa ń ní àmì kékeré JB tàbí JE pẹ̀lú nọ́ńbà, ní iwájú híńjì tàbí lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tó lọ́wọ́ nínú ṣíṣe é, èyí tó sábà yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Prinz tí ẹ óò rí níbi gbogbo jẹ́ orúkọ tí ilé ìtajà Dixons fi ń ta ọjà nígbà yẹn. Japan ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn. Méjì tó ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ti inú ilé-iṣẹ́ kan náà jáde, méjì tó ń jẹ́ Prinz sì lè jẹ́ àjèjì síra wọn.

Ti Zeiss gba àlàyé. Lẹ́yìn ogun, ní 1945, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ọ̀gá àti onímọ̀ Zeiss kúrò ní Jena kí àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì tó gba ìlú náà. Àwọn wọ̀nyẹn dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Oberkochen, ní ìwọ̀ oòrùn. Èyí tó kù ní Jena ń ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́ ìjọba DDR, ìyẹn Ìlà Oòrùn Jámánì. Méjèèjì bá ara wọn fa orúkọ náà ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí "aus JENA" lára kan, kí ẹ má rí "Zeiss" rárá. Ti Jena kò burú. Deltrintem wọn tí ara rẹ̀ le ṣì jẹ́ ohun àmúyangàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo tó nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù, tí kò sì wọ àpò kankan.

Ohun tí ẹ óò ṣe kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ sí ọjà. Ti fóònù náà tó.

Ẹ kọ́kọ́ mì ín sẹ́tìí. Bí nǹkan bá ń ró kẹkẹkẹ nínú rẹ̀, prism ti já tàbí ìdè kan ti tú. Ẹ ṣí híńjì rẹ̀, ẹ ká a. Ó yẹ kó le díẹ̀, kó sì dúró síbi tí ẹ bá fi í sí. Àwọn oníhíńjì méjì máa ń rọ̀ bí wọ́n bá ti dàgbà, tí wọn ò sì ní dúró lójú mọ́. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ àárín láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bó bá le koko, gírísì inú rẹ̀ ti gan. Ẹ má fi agbára yí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n WD-40 sí i. Òróró yẹn máa ń rìn, prism ló máa ń rìn lọ bá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba dígí iwájú wọlé, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Ẹ má wo iná náà lójú kòrókòró. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá méjèèjì, kí ẹ sì tún tan án láti ẹ̀yìn wá síwájú. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, kì í hàn nínú àwòrán. Àwọn ohun tó ń ba ọjà jẹ́ nìyí: fọ́ńgọ́ọ̀sì, tó máa ń nà bí òwú aláǹtakùn láti etí dígí wá sí àárín, ìkúukùu, tó máa ń bo gbogbo ojú dígí tí tọ́ọ̀ṣì á fi tàn funfun nínú rẹ̀, àti àtẹ tó ti ṣí. Ti ìkẹyìn yìí máa ń wáyé torí pé dígí méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe dígí iwájú, oje igi tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ sì ń gbẹ. Ẹ óò rí àwọ̀ òṣùmàrè ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kékeré lórí dígí òde ṣeé nù; èyí tó ti pẹ́ máa ń jẹ dígí fúnra rẹ̀, àpá rẹ̀ kì í sì í lọ. Àtẹ tó ti ṣí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ wo bí fìtílà tàbí fèrèsé ṣe ń ta yọ lórí dígí iwájú. Bó bá funfun gbòò, kò ní ìpara kankan, ó sì ṣeé ṣe kó ṣáájú ogun. Zeiss ló gba ẹ̀tọ́ lórí ìpara tó ń dín ìtànṣán kù ní 1935, láti ọwọ́ Alexander Smakula, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Bó bá jẹ́ àwọ̀ aró tàbí elésè àlùkò, ìpara ẹyọ kan ni. Bó bá ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ìpara náà pọ̀ lórí ara wọn, èyí ló dára jù. Bó bá pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀: pupa yẹn ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síta ni, kì í gbà á wọlé, ohun tí ẹ óò rí nínú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì ní àwọ̀ ewé. Bákan náà ni èyí tó bá kọ 10-30x sára, tí èèyàn lè yí ìlọ́po rẹ̀. Mi ò tíì rí kékeré àtijọ́ kan nínú irú yìí tí mo lè gbà kí ẹlòmíràn rà.

Èyí tó ṣe kókó jù gbogbo rẹ̀ lọ ni bóyá ojú méjèèjì ń wo ibì kan náà. Ẹ bọ́ síta, ẹ wá ohun tó gùn gbọọrọ ní ìbú, bí etí òrùlé tàbí wáyà iná, tó jìn tó 100 mítà ó kéré tán. Ẹ wò ó dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fà bainókúlà náà kúrò lójú díẹ̀díẹ̀, tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ má sì gbé ojú kúrò lára ìlà náà. Ẹ óò rí i nínú róbótó méjì báyìí. Ó yẹ kí ìlà náà dọ́gba nínú méjèèjì. Bí ti apá kan bá ga ju ti èkejì, prism ti yẹ̀. Ojú wa kì í gba gíga àti ìsàlẹ̀ tí kò dọ́gba, kódà kó kéré.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo apá kan, kí ẹ máa wo apá kejì fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sì ṣí i lójijì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí nǹkan ní méjì méjì kó tó di ẹyọ kan, ojú yín ló ń ṣe iṣẹ́ tí bainókúlà náà kò ṣe. Lẹ́yìn wákàtí kan, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ béèrè àwòrán mẹ́ta lọ́wọ́ olùtajà: ọ̀kan tí tọ́ọ̀ṣì ń tàn gba inú dígí iwájú, ọ̀kan ti róbótó ìmọ́lẹ̀ ní dígí ojú, àti ọ̀kan ti àwọn àmì abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo róbótó náà dáadáa nínú Porro. Bó bá yí po, tó mọ́ títí dé etí, prism rẹ̀ dára. Bó bá ní igun mẹ́rin tó ń ṣe eérú, dígí prism tó rọjú ni wọ́n lò. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gé bí òṣùpá, prism kan ti sún kúrò ní àyè rẹ̀. Olùtajà tó bá ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè máa sọ òótọ́, àmọ́ kí ẹ rí i pé ó gbà láti dá owó padà.

Fífi ọ̀kan wé èkejì

Ẹ kọ́kọ́ bá ojú ara yín ṣètò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ yí híńjì títí róbótó méjèèjì á fi di ẹyọ kan. Ẹ bo apá ọ̀tún, kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ àárín mú apá òsì mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà, ẹ bo apá òsì, kí ẹ fi òrùka tó wà lára dígí ojú ọ̀tún mú òun náà mọ́, láìfọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àárín mọ́. Àwọn kan máa ń fo èyí, wọ́n á wá ní 6x15 kan kò mọ́ kedere.

Ẹ gbé wọn lé nǹkan. Etí fèrèsé, ẹ̀yìn àga, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó bá wà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n máa ń pa gbogbo ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ rẹ́.

Ẹ fi ojú ìwé ìròyìn kan kọ́ ara ògiri tí oòrùn kò pa tààrà, kí ẹ wo lẹ́tà tó kéré jù tí ẹ lè kà. Ibí yìí gba ọgbọ́n, torí 8x gbọ́dọ̀ ka ju 7x lọ, kódà bó bá burú jù ú lọ. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ dúró ní 16 mítà pẹ̀lú 8x, ní 14 mítà pẹ̀lú 7x, ní 12 mítà pẹ̀lú 6x. Lẹ́tà á tóbi bákan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ óò wá mọ èyí tí dígí rẹ̀ dára jù ní tòótọ́. Owó bébà náà dára fún èyí, nítorí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i.

Ẹ gbé lẹ́tà kan sí àárín àwòrán, kí ẹ rọra sún un lọ sí etí. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú? Bó bá ṣú, ẹ yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀. Bó bá padà mọ́, àwòrán náà tẹ̀ kọdọrọ ni, ojú ọ̀dọ́ lè fara mọ́ ọn. Bí kò bá mọ́ rárá, àbùkù dígí nìyẹn.

Ẹ wo ẹ̀ka igi dúdú tó dúró lójú ọ̀run funfun. Àwọ̀ elésè àlùkò á yọ ní etí rẹ̀, ó pọ̀ nínú òmíràn ju òmíràn lọ. Ẹ wo ibi òjìji nígbà tí oòrùn wà lókè ní iwájú yín, tí ilé tàbí igi sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí àwòrán bá fọ́n funfun, tí dúdú rẹ̀ di eérú, ìtànṣán ń ta ká inú rẹ̀. Ibí ni àwọn àtijọ́ tí kò ní ìpara ti máa ń ṣubú. Ẹ má kọ bainókúlà kankan sí oòrùn fúnra rẹ̀ láé, ó lè fọ́ni lójú lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì gbé e sílẹ̀ ní ojú fèrèsé tí dígí rẹ̀ kọ sí oòrùn. Ó lè dá iná sílẹ̀.

Ìdánwò tí mo gbádùn jù ni ti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ máa wo inú igbó kan pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kí ẹ máa kíyè sí èyí tó kọ́kọ́ dẹ́kun láti fi ewé hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó pẹ̀lú yín, ẹni tí kò mọ iye tí ẹ rà wọ́n. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo orúkọ ara wọn. Ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ka èrò ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lópin rẹ̀, ẹ gbé wọn dání láìgbé wọn lé nǹkan kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí tó fúyẹ́ jù lè jẹ́ èyí tó ń gbọ̀n jù. Bí ẹ bá ń wọ awò ojú, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú awò náà lójú. Lẹ́tà B lára Zeiss ń tọ́ka sí èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń wọ awò. Ọ̀pọ̀ kékeré àtijọ́ tó kù, àárín àwòrán nìkan lẹ óò rí nínú wọn.

Ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ yín

Ẹ má fi etí ẹ̀wù nu dígí àtijọ́. Ìpara àwọn ọdún 1940 sí 1950 rọ̀, iyanrìn kékeré kan tó á ha á. Ẹ kọ́kọ́ fi fèrè rọ́bà fẹ́ eruku kúrò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, lẹ́yìn náà kí ẹ kán omi ìnudígí sí aṣọ máíkrófáíbà, kì í ṣe sórí dígí, kó má bàa ṣàn wọ etí rẹ̀. Ẹ nù ún láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò sí ìdí láti tú u. Bí ẹ bá yọ prism kan láìsàmì sí àyè rẹ̀, ojú méjèèjì kò ní wo ibì kan náà mọ́, owó oníṣẹ́ tó máa tún un ṣe á sì ju iye tí ẹ rà á lọ, àfi tó bá jẹ́ olówó ńlá.

Ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù ni ọ̀rinrin, ẹni tó bá sì ń gbé e lọ sílé gbọ́dọ̀ mọ èyí. Ní London, dúrọ́ọ̀ gbígbẹ lè tó. Ní Ìbàdàn tàbí Èkó lásìkò òjò, fọ́ńgọ́ọ̀sì lè wọ dígí tí wọ́n kàn gbàgbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń lọ wo ẹyẹ nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìbàdàn, níbi tí ẹyẹ tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè, Ibadan Malimbe, wà, máa ń padà dé pẹ̀lú bainókúlà tó ti mu òógùn àti ìrì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ síta níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kí ẹ tó pa á mọ́.

Àpò awọ rẹ̀ tó rẹwà yẹn ni kí ẹ má fi í pamọ́ sí. Awọ máa ń di omi mú, ibẹ̀ gan-an ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú àpò náà lọ́tọ̀, torí ó ń gbé owó ọjà ga, kí ẹ sì kó bainókúlà sínú ike oúnjẹ tó ní ìdérí tó pa dé, pẹ̀lú silica gel, hóró tó ń fa omi mu, irú èyí tó ń pa àwọ̀ dà. Bó bá ti kúrò ní àwọ̀ ọsàn di àwọ̀ ewé, ó ti mu omi yó: ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo, kí ẹ gbé e sínú ààrò ní nǹkan bíi 110 sí 120 dígírì Celsius fún wákàtí méjì, kó padà sí àwọ̀ rẹ̀, kó tutù tán, kí ẹ tó dá a padà sínú ike náà.